Ẹni Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Olóògbé

Gbogbo àdúgbò ló mọ Onígíláàsì sí ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀. Bó bá tẹ́ gíláàsì sórí tábìlì, tó fi irin ìgégíláàsì rẹ̀ fa ìlà kan ṣoṣo láti òkè délẹ̀, tó wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, pẹ́kẹ́ báyìí ni yóò là, ojú ibi tó là sí á sì gún régé. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀, bó ṣe balẹ̀ náà nìyẹn. Òun ló ń di àwọn tó ń ṣubú lulẹ̀ mú, òun ló ń fi aṣọ nu ojú ìyá ìyàwó. Àwọn kan ní akọni ọkùnrin ni. Àwọn mìíràn ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó jọ pé ikú náà kò dùn ún. Kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn. Ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin náà pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀ ẹkún, òun kò ní mọ ibi tí òun máa dá a dúró.

Eyínfúnjowó ni wọ́n ń pe ìyàwó yìí. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, nítorí eyín rẹ̀ funfun, kì í sì í fi ṣahun sí ẹnikẹ́ni. Orúkọ náà bá a délé ọkọ, ọkọ ń pè é, aládùúgbò ń pè é, títí kan nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan ló mú un, kò dùbúlẹ̀ pẹ́ tó fi lọ. Ọdún kẹta rẹ̀ ló ń lọ yìí.

Ìyá Eyínfúnjowó, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà, ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn kí ọmọ rẹ̀ tó kú, ọmọ yìí nìkan ṣoṣo ló sì bí. Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, àwọn ẹbí ọkọ fa Onígíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi ìyá ìyàwó ṣe nígbà tí ìyàwó kò sí mọ́. Ó dá wọn lóhùn pé ẹni tó fún ni lọ́mọ ti parí oore. Bí ọmọ bá lọ, oore kò bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé lókè, ṣọ́ọ̀bù gíláàsì wà nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí òun àti Eyínfúnjowó bí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Orí àga gbọọrọ ní pálọ̀ ni Onígíláàsì ń sùn. Yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lò, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Bó bá fẹ́ mú aṣọ níbẹ̀, á wọlé bí olè, á sì jáde bí olè.

Ìgbà tó yá, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Awò ojú ló kọ́kọ́ ń gbàgbé, wọ́n sì jọ ń fi ṣẹ̀fẹ̀, pé ẹni tó ń wá awò ojú, ojú wo ni yóò fi rí i. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbàgbé pé ọmọ òun ti kú. Ó jókòó lójú fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní níbo ni Eyínfúnjowó lọ tí kò tíì dé. Onígíláàsì kúnlẹ̀, ó sọ òtítọ́ fún un. Igbe tí ìyá náà ké, igbe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Ó tún béèrè ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún gbọ́, ó tún ké. Nígbà tó tún bi í lẹ́yìn ìyẹn, ahọ́n Onígíláàsì yẹ̀, ó ní ó lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Ọkàn ìyá náà balẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sínú. Bí irọ́ ṣe wọlé nìyẹn, kò kanlẹ̀kùn. Ohun tí Onígíláàsì kò sì jẹ́ sọ fẹ́nikẹ́ni ni pé, bí òun bá ti sọ gbólóhùn yẹn tán, ọkàn tòun náà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀.

Àsìkò yìí ni Àǹtí Bọ́ọ̀sì dé. Ọkọ̀ ilé ìwé ló ń wa. Àwọn ọmọ tó ń gbé ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, àwọn òbí wọn gan-an kò sì mọ orúkọ mìíràn fún un. Ó gbé dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ike rẹ̀ wà lódidi, dígí inú rẹ̀ ti fọ́ yángá. Ó ní ẹnì kan tó gun alùpùpù ló gbá a, kò sì dúró. Ó kàn juwọ́ sí òun bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun gé òmíràn sí i kíákíá, torí dígí yẹn lòun fi ń rí àwọn ìyá tó máa ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀sì láràárọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ tí ọmọ wọn gbàgbé sílé. Ó wá ṣe bí wọ́n ṣe ń sáré, ọwọ́ kan ń di aṣọ mú, ọwọ́ kejì ń di abọ́ mú, bàtà ń já lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Onígíláàsì. Ìró rẹ̀ ṣàjèjì sí i létí, àfi bíi pé ẹlòmíràn ló rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù.

Obìnrin náà tún padà wá, láìsí ohun tó fọ́. Bó bá ti já àwọn ọmọ sílé tán lọ́sàn-án, á gbé bọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á jókòó sórí àpótí, wọn á máa tàkúrọ̀sọ bí Onígíláàsì ṣe ń ṣiṣẹ́. Òun náà ti lọ́kọ rí. Ó ní ọkọ òun jáde láti lọ ra súgà lọ́dún tó ti pẹ́, ó jọ pé ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ló jìnnà. Onígíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìró bọ́ọ̀sì náà mọ̀ kó tó yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n. Alábàtà tó wà ní ọ̀ọ́kán rẹ̀ bi í pé ṣé ó ti wá ń fi omi tó fi ń nu gíláàsì nu ojú ara rẹ̀ ni, torí ojú náà ń dán.

Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá ṣe ń dùn, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ á máa lọ sí ọwọ́ ara rẹ̀. Á rántí pé ìka òun ṣì wọ òrùka. Á bi ara rẹ̀ pé irú ènìyàn wo ni òun. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, ó fa tirẹ̀ yọ wéré, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan. Obìnrin náà rí i, kò bínú.

"Ẹ má fi agídí ṣe é," ló ní. "Bí ẹ bá ṣì ń sunkún, mo lè dúró."

Onígíláàsì ní òun kì í sunkún.

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Ó pẹ́ kí Onígíláàsì tó mú un gòkè lọ kí Ìyá Àgbà. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sẹ́nu, pé ọ̀rẹ́ òun rèé, ó wá kí yín ni. Kò ráyè sọ ọ́. Bí Àǹtí Bọ́ọ̀sì ṣe yọrí lẹ́nu ọ̀nà báyìí, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ dìde lórí àga tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n máa ń fà á dìde níbẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Eyínfúnjowó. Níbo lo wà látọjọ́ yìí?"

Kì í ṣe pé wọ́n jọra. Àǹtí Bọ́ọ̀sì ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Eyínfúnjowó kúrú, ó sì sanra níwọ̀nba. Ojú ìyá ló ń rí ohun tí ọkàn ìyá ń wá. Àǹtí Bọ́ọ̀sì mọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà, Onígíláàsì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó yíjú sí i, kó gba òun. Ọkùnrin náà ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Ojú ló fi bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá arúgbó náà, ó ní, "Mo ti dé, Màámi. Iṣẹ́ ló pọ̀."

Ìyá Àgbà jẹun lọ́jọ́ náà, ó tún béèrè sí i. Ó sọ ìtàn, ó rẹ́rìn-ín, ó bá ọmọ rẹ̀ wí pé ó ti rù. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Onígíláàsì fẹ́ dúpẹ́, Àǹtí Bọ́ọ̀sì sì dá a lẹ́kun. Ó ní ìyá òun ti kú tipẹ́, kò burú bí òun bá tún ní òmíràn fún wákàtí díẹ̀.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ó ń wá, ó ń bá ìyá di irun, ó ń gé èékánná rẹ̀, ó ń jẹ́ orúkọ náà. Lọ́jọ́ kan tí atẹ́gùn tutù, ìyá ní kí ló dé tí kò wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ṣé ó fẹ́ kí òun máa ṣàníyàn ni. Àǹtí Bọ́ọ̀sì kò mọ ẹ̀wù kankan. Onígíláàsì ló wọ yàrá tó tì pa lọ, òun ló mú un jáde. Apá ẹ̀wù náà kò dé ọrùn ọwọ́ obìnrin yìí, síbẹ̀ ó wọ̀ ọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń fọ abọ́. Onígíláàsì jókòó, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìgbà tí Àǹtí Bọ́ọ̀sì bá ti dé ló máa ń bá ẹ̀wù náà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ká a kalẹ̀ dè é. Ẹni tó ń ká a kì í ṣe ìyá.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àǹtí Bọ́ọ̀sì ń lọ sílé, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, kò tíì bọ́ ẹ̀wù náà. Onígíláàsì ń tún ẹsẹ̀ tábìlì kan ṣe, kò gbójú sókè.

"Eyínfúnjowó, bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa."

Ó sọ ọ́ bí ẹní ti ń sọ ọ́ fún ogún ọdún. Ìgbà tí kò gbọ́ kí ilẹ̀kùn ró ló tó gbójú sókè. Ìyá Àgbà ti sùn lórí àga. Àǹtí Bọ́ọ̀sì dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn.

"Ta lẹ̀ ń pè?"

Ó ní ẹnu òun ló ṣì í.

"Ẹnu yín kò ṣì í. Mo ti ń rí bí ẹ ṣe ń wò mí." Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó ká a bí ẹní ń ká aṣọ ọmọ ọwọ́. "Mo lè ṣe ọmọ fún ìyá tí kò mọ̀ mí. N kò lè ṣe òkú fún ọkùnrin tó mọ̀ mí."

Ó gbé ẹ̀wù náà lé àga, ó sì lọ. Kò fìbínú ti ilẹ̀kùn, ìyẹn gan-an ló dun Onígíláàsì jù.

Àǹtí Bọ́ọ̀sì kò wá mọ́. Onígíláàsì ń gbọ́ bí bọ́ọ̀sì ṣe ń kọjá, kò dúró. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ. Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sunkún fún un pé ìyá rẹ̀ ti tún bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ aláwọ̀ ewé sílẹ̀, ó ti bínú lọ. Ọmọbìnrin náà ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí èyí tẹ́lẹ̀, ó kà á sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣarán. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀wù yìí mú un lọ́kàn. Ó wọkọ̀ ó di ilé, ó bá ẹ̀wù náà lórí àga, òórùn ìpara ẹlòmíràn wà lára rẹ̀.

"Dádì, ta ló ń wọ ẹ̀wù ìyá mi?"

Onígíláàsì kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Ó rò pé yóò pariwo, kò pariwo. Ó jókòó, ó gbé ẹ̀wù náà lé ẹsẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó ní kí bàbá òun má fẹ́ ìyàwó mìíràn, òun tilẹ̀ ti ń gbàdúrà sí i. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà.

"Màmá Àgbà sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́sí pé Mọ́mì wà ní kíṣìnnì, wọ́n ń fọ abọ́. Mo mọ̀ pé ọkàn wọn ti ń ṣáko. Mo mọ̀. Síbẹ̀ mo dìde, mo ń wá bàtà tí mo máa wọ̀ wálé." Ó nu ojú. "N ò rí i kí ẹ sunkún rí, Dádì. Ẹ kàn ti ilẹ̀kùn yàrá ni. Mo wá ń rò ó pé ó jọ pé èmi nìkan ló kú fún."

Onígíláàsì jókòó títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, ó ṣí yàrá náà sílẹ̀, ó ká aṣọ ojú fèrèsé sókè. Ó fa Ìyá Àgbà lọ́wọ́ wọlé, ó mú un jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọbìnrin Onígíláàsì sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Màámi, Eyínfúnjowó ti kú. Ó ti pẹ́. Obìnrin tó ń wá kì í ṣe òun. Èmi ni mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Ìyá náà kò ké lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń fi ọwọ́ pa aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń pa á lọ, ó ń pa á bọ̀. Ìgbà tó ṣe, ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi Onígíláàsì rí.

"Ṣé ó jìyà?"

Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní ooru ń mú Eyínfúnjowó lórí ìbùsùn ilé ìwòsàn, obìnrin náà sì ní kí òun bá a ṣí fèrèsé. Fèrèsé náà le, ẹni tó kùn ún ti fi ọ̀dà lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Òun ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà yẹn, òun tún ń dápàárá sí i láti ẹ̀yìn pé ṣebí iṣẹ́ òun ni, òun ò ní gbowó. Nígbà tí fèrèsé ṣí, òun yíjú padà kí òun lè rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó ti lọ.

"Fèrèsé ni mo ń ṣí, Màámi," ló wí. "Fèrèsé ni mo ń ṣí."

Ibẹ̀ ló ti ya. Ó ṣubú lé ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀, ó sunkún bí kò ṣe sunkún láti ìgbà ọmọdé, ohùn burúkú, ohùn tí kò wu ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìyá arúgbó náà di orí rẹ̀ mú. "Ìyàwó rẹ ló kú, ọmọ mi," ló ń wí. "Ìyàwó rẹ ló kú. Sunkún rẹ̀." Ọmọbìnrin náà wọlé wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wọ́n. Nísàlẹ̀, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Bó bá jẹ́ ìtàn lásán ni, ibẹ̀ ni ara Ìyá Àgbà ì bá ti yá. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó to àwo oúnjẹ kalẹ̀, ó sì béèrè ìdí tí Eyínfúnjowó fi ń pẹ́ nínú ilé ìwẹ̀. Onígíláàsì àti ọmọ rẹ̀ wojú ara wọn. Wọn kò purọ́, wọn kò sì lágbára àtisọ òótọ́. Wọ́n fún un ní tíì.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, Onígíláàsì lọ sí ọgbà ilé ìwé tí Àǹtí Bọ́ọ̀sì ń gbé ọkọ̀ sí lọ́sàn-án. Ó bá a nínú bọ́ọ̀sì, ó ń gbálẹ̀ láàárín àga, ó ń ṣa bébà súìtì. Onígíláàsì dúró lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, kò wọlé.

"N ò wá bẹ̀ ọ́ pé kó o padà," ló ní.

"Kí wá lẹ wá ṣe?"

"Mo sunkún."

Obìnrin náà fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àga kéékèèké yẹn, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ní ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Onígíláàsì nìkan. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú, kò sẹ́ni tó bá òun wí pé òun rù. Òun mọ̀ pé ìfẹ́ tí ìyá náà ń fún òun, ti ẹlòmíràn ni, òun sì ń gbà á lọ sílé lójoojúmọ́. Òun náà jalè nínú ilé yẹn.

"Mo lè wá lọ́jọ́ Sátidé," ló sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa wá. Bí wọ́n bá pè mí ní Eyínfúnjowó, n ò ní jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹ ò ní fi ojú bẹ̀ mí."

Ó wá lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ aṣọ tirẹ̀. Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí i bíi ti tẹ́lẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀. Àǹtí Bọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú, ó ní, "Èmi kọ́ o, Màámi. Èmi ni mò ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé." Ojú ìyá náà le. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó yíjú sí Onígíláàsì, ó bi í pé ta wá ni obìnrin yìí nínú ilé ọmọ òun.

Onígíláàsì dúró tì wọ́n.

"Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣaya ni, Màámi."

Ìyá Àgbà wò ó títí. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyàlẹ́nu ló wà níbẹ̀.

"Eyínfúnjowó ńkọ́? Ṣé ó gbọ́ sí i?"

Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè múra de ìbéèrè yẹn. Ó sì ní láti dáhùn, nítorí bí kò bá dáhùn, irọ́ náà tún wọlé nìyẹn, á tún máa gbé pẹ̀lú wọn. Ó sọ ọ́. Ìyá náà ké, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Àǹtí Bọ́ọ̀sì fẹ́ dì í mú, ìyá náà ti ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ní kó kúrò lọ́dọ̀ òun. Obìnrin náà sún díẹ̀, kò lọ. Ó jókòó sí ìdí ògiri, ó ń dúró.

Bó ṣe ń rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó wá. Wọn kò tíì dá ọjọ́ ìgbéyàwó kankan. Àwọn ìgbà kan wà tí Onígíláàsì máa ń rò ó pé ayọ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ túfọ̀ ikú ọmọ fún ìyá rẹ̀ kó tó ní i, ṣé ayọ̀ nìyẹn. Àǹtí Bọ́ọ̀sì náà ti sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé ó ti rẹ òun. Ó sì tún wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyá ti sunkún tán, tí ilé dákẹ́, Onígíláàsì wà ní kíṣìnnì, ó ń gbé omi kaná. Ó gbọ́ tí Ìyá Àgbà bá obìnrin tó wà nídìí ògiri sọ̀rọ̀.

"Ìwọ, ìyá tìrẹ ńkọ́? Ṣé ó wà láyé?"

"Kò sí mọ́, Màámi."

Ìyá náà wo ibi tó jókòó sí nílẹ̀.

"Ilẹ̀ yẹn tutù," ló ní. "Wá jókòó sórí àga."